Dídá Dúró Kì í Ṣe Dídá Wà: Iṣẹ́ Aṣọ Alphadi àti Ọwọ́ Ẹgbẹ́ ní Niamey

Àdúgbò kan wà ní ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, tí wọ́n ń pè ní Koira Kano. Ọmọ Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yìí yóò rò pé àwọn ará Kánò ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, gẹ́gẹ́ bí àwọn Sábó tí ó wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ṣe jẹ́ ibùdó àwọn Haúsá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Zarma ni orúkọ náà: koira ni ìlú, kano sì ni ohun tí ó dùn. Bí ó bá jẹ́ èdè Yorùbá ni, Ìlúdùn ni à bá máa pè é. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó sí ara aṣọ, tí wọ́n sì sọ aṣọ náà ní Ìbàdàndùn, ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ìlú tiwọn. Ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí ni pé orúkọ aṣọ Ìbàdàndùn kò ṣòro láti rántí, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó kọ́kọ́ yà á kò ní orúkọ nínú ìtàn. Ní Niamey, òdì-kejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: gbogbo ayé mọ orúkọ ọkùnrin kan, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó lè dárúkọ aṣọ kan pàtó tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ọkùnrin náà ni Seidnaly Sidhamed, tí a mọ̀ sí Alphadi. Timbuktu ni wọ́n bí i sí ní 1957, Niger ni ó di ilé rẹ̀, ó sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrìn-àjò afẹ́ ní Paris kí ó tó gbájú mọ́ aṣọ. Níbi ìpàtẹ àwọn onírìn-àjò afẹ́ kan ní Paris ní 1985 ni ó ti fi aṣọ rẹ̀ han ayé. Láti ìgbà náà ni àwọn oníròyìn ti ń pè é ní onídán aṣálẹ̀. Ní 2016 ni àjọ UNESCO fi í jẹ oyè Oníṣẹ́-ọnà fún Àlàáfíà. Nígbà tí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ́nù gbé àfihàn ńlá tí wọ́n pè ní Africa Fashion kalẹ̀ ní 2022, Alphadi wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n kà sí aṣíwájú. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Shade Thomas-Fahm ti Nàìjíríà, Chris Seydou ti Málì, Kofi Ansah ti Gánà àti Naïma Bennis ti Mòrókò.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé iyì yìí kò tọ́ sí wọn. Shade Thomas-Fahm nìkan, tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ St Martin's ní Lọ́ńdọ́nù, tí ó padà sí Èkó ní 1960, tí ó fi síìpù sí ìró kí obìnrin tí ó ń sáré lọ sí ọ́fíìsì má baà máa dì í lójú ọ̀nà, tí ó sì ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ohun tí ènìyàn ń kọ ìwé lé lórí. Òun fúnra rẹ̀ sì ti kọ ọ́: ìwé rẹ̀, Faces of She, jáde ní 2004. Àríwísí tí ó wà níbẹ̀ ni ti ọ̀nà ìsọ̀tàn. Àwọn ìwé àti àfihàn irú èyí a máa gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró bí ère lórí ìtẹ́ tirẹ̀, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, ìwé ìròyìn tí ó kọ nípa rẹ̀, àti aṣọ méjì tàbí mẹ́ta. Olùwòran a sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ẹ̀bùn àti ìgboyà ni ó sọ ẹni náà di ẹni. Àwọn tí wọ́n yá a ní owó, tí wọ́n bá a tọ́jú ẹ̀rọ, tí wọ́n bá a rán aṣọ ogójì mọ́jú nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù, kò ní ìtẹ́ kankan.

Èdè Yorùbá lè ran ẹni tí ó fẹ́ túnṣe sí ọ̀nà ìsọ̀tàn yìí lọ́wọ́, nítorí pé ó mọ ìyàtọ̀ láàárín dídá dúró àti dídá wà. Ẹni tí ó dá dúró ni ẹni tí kò fi ara ti ẹlòmíràn, tí ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ tajà. Ẹni tí ó dá wà ni ẹni tí kò ní ẹnìkejì. Ìyìn ni ti àkọ́kọ́, àánú ni ti ìkejì. Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń dún bí èyí ṣe ń bá iṣẹ́ aránṣọ rìn: a máa ń dá àjọ, a máa ń dá èsúsú, a sì máa ń dá aṣọ fún ọmọ lọ́dún. Àwọn onímọ̀ gírámà lè jiyàn bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn tàbí ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ìró wọn dọ́gba. Èyí tí ó kan ìjíròrò yìí ni pé kò sí aránṣọ tí ó lè dá dúró bí kò bá sí àwọn tí wọ́n ń bá a dá àjọ, àti pé ìtàn Alphadi gan-an, bí a bá tú u wò dáadáa, ẹ̀rí rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Aránṣọ ni Yorùbá ń pe ẹni tí ń rán aṣọ, yálà ó jókòó sí abẹ́ igi tàbí ó ní ilé alájà mẹ́ta. Télọ̀ ni ọ̀rọ̀ àyálò tí ó bá a dọ́gba, Haúsá náà sì yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní tẹ́là. Èdè Faransé tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì àti ní ilé-ẹ̀kọ́ Niger kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn ni tirẹ̀: tailleur ni ó wà nísàlẹ̀, couturier tẹ̀ lé e, styliste ga jù ú lọ, créateur sì wà lókè téńté. Créateur ni Alphadi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí Yorùbá yóò dúró díẹ̀, nítorí Ẹlẹ́dàá kan ṣoṣo ni ó wà, kì í sì í rán aṣọ. Ìṣòro kan náà ni yóò bá ẹni tí ń túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìṣòro ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ náà pààlà. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹgbẹ́ àwọn créateur ni òun dá sílẹ̀ ti sọ fún àwọn tailleur pé kì í ṣe tiwọn.

Chris Seydou ni ó wà nídìí ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 fún àwọn aránṣọ ńlá ilẹ̀ Áfíríkà, Alphadi sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìtàn Seydou tọ́ kí olùkọ́ èdè mọ̀ ọ́n. Seydou Nourou Doumbia ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Kati ní Málì ni wọ́n bí i sí ní 1949. Ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ àdúgbò nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó ṣiṣẹ́ ní Abidjan, ó ṣiṣẹ́ ní Paris, ó sì mú Chris kún orúkọ rẹ̀ láti fi júbà Christian Dior. Ní 1990 ni ó padà sí Bamako. Ọdún náà ni ó bá ilé-iṣẹ́ aṣọ ITEMA ṣiṣẹ́ láti tẹ àwòrán bogolan, aṣọ alámọ̀ àwọn Bamana, jáde lórí aṣọ tí ẹ̀rọ hun. Ó kú ní oṣù Kẹta 1994, kí ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ tó pé ọdún kan ààbọ̀. Oṣù méjì péré ṣáájú ikú rẹ̀ ni wọ́n já iye owó CFA sí ìdajì. Ẹni tí ó ń ra òwú, síìpù àti aṣọ ìtẹ́nú láti òkè òkun rí i pé iye tí ó fi ra méjì tẹ́lẹ̀ kò ra ju ẹyọ kan lọ. Irú àkókò báyìí ni ènìyàn ń wá ẹnìkejì kiri.

Ohun kan wà ní Bamako tí ó ti wà kí ẹgbẹ́ Seydou tó wà, tí ó sì yàtọ̀ sí i pátápátá. Ní 1978, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tí wọ́n jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà orílẹ̀-èdè náà da iṣẹ́ pọ̀ lórí bogolan. Wọ́n pe ara wọn ní Groupe Bogolan Kasobané. Nínú wọn ni Kandioura Coulibaly, Kletigui Dembélé, Boubacar Doumbia àti Néné Thiam, tí í ṣe obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Kasobané túmọ̀ sí pé ẹ̀wọ̀n ti parí. Wọn kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ wọn; ẹgbẹ́ ni ó fọwọ́ sí i. Victoria Rovine, tí ó ṣe ìwádìí pípẹ́ lórí bogolan tí ó sì tẹ ìwé jáde lé e lórí ní 2001, kọ nípa Seydou àti nípa Kasobané nínú ìwé kan náà. Òǹkàwé tí ó bá fi ojú àríwísí kà á yóò rí i pé ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú òun. Ti Seydou: kí ẹnì kan lórúkọ, kí àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Ti Kasobané: kí orúkọ jẹ́ ti gbogbo wọn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Alphadi tọ̀. Òun ni ó sì kọ́ ilé tí ó tóbi jù lórí rẹ̀.

Ilé náà ni FIMA, àjọ̀dún àgbáyé fún oge ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1998 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Tiguidit, nínú aṣálẹ̀ lẹ́bàá Agadez. Àdéhùn àlàáfíà láàárín ìjọba àti àwọn ọmọ ogun Tuareg kò ju ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà. 1995 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Pé ènìyàn kó àwọn arẹwà, àwọn onílù, àwọn aránṣọ Áfíríkà àti àwọn ilé aṣọ láti Paris jọ sórí iyanrìn níbi tí ìbọn ti ń dún ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àròjinlẹ̀ ńlá ni. Àwọn aṣọ tí ó fi hàn bá ibẹ̀ mu: àgbélébùú Agadez tí àwọn alágbẹ̀dẹ Tuareg ń fi fàdákà rọ di bọ́tìnnì àti ọnà ọrùn, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ahunṣọ Zarma ń hun di kóòtù. Láàárín àwọn tí ń rìn nínú aṣálẹ̀ yìí, láwàní aró ni aṣọ iyì, Kura tí kò jìnnà sí Kánò ni wọ́n sì ti máa ń pa á láró, tí wọ́n ń lù ú títí tí yóò fi máa dán bí irin. Àjọṣe aṣọ láàárín apá Nàìjíríà àti aṣálẹ̀ Niger ti pẹ́ ju Alphadi àti gbogbo créateur lọ.

FIMA ṣe ohun tí kò sí ẹlòmíràn tí ó ṣe é nígbà náà. Aránṣọ láti Dakar, Abidjan, Cotonou àti Èkó rí ara wọn lójúkojú láìjẹ́ pé Paris ni wọ́n ti pàdé. Pathé'O, ọmọ Burkina Faso tí ó sọ Treichville ní Abidjan di ibi tí gbogbo ayé mọ̀, tí Nelson Mandela wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àti Oumou Sy ti Sẹ̀nẹ̀gà, jẹ́ ẹlẹgbẹ́ tòótọ́ fún Alphadi, kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn. Wọ́n tún fi ìdíje fún àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ kún un, níbi tí ẹni tí kò tíì ní orúkọ ti lè fi aṣọ rẹ̀ hàn níwájú àwọn tí ó ti ní i. Àǹfààní ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ojú kékeré wò ó. Kò tíì sí Lagos Fashion Week nígbà náà. 2011 ni Omoyemi Akerele àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Style House Files, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, àtìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kì í ṣe pé kí a jọ dúró nínú ìmọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ibi tí àríwísí ti gbọ́dọ̀ le díẹ̀ nìyí. Àjọ̀dún kì í fún aránṣọ ní ẹ̀rọ tí ń wé etí aṣọ. Kì í bá a san owó ilé. Ọ̀dọ́ tí ó bá gba ẹ̀bùn padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, kí ó sì bá aṣọ àpèrán ogún tí àwọn oníbàárà ti ń retí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọdún 2000 fi ìwọ̀n agbára àjọ̀dún náà hàn lọ́nà tí kò dára. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì ń bọ̀ ní Niamey ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan jáde sí òpópónà láti tako ohun tí wọ́n kà sí ìwà àìtìjú. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Niamey, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Maradi, níbi tí àjọ̀dún kankan kò ti wáyé. Àwọn jàǹdùkú kọlu ilé ọtí, ṣọ́ọ̀ṣì, àti ilé àwọn obìnrin tí wọ́n ń dá gbé, tí wọ́n fẹ̀sùn aṣẹ́wó kàn. Barbara Cooper, òpìtàn tí ó mọ Maradi dáadáa, fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ajíhìnrere ní Sahel, tí ó jáde ní 2006. Ìjọba Tandja Mamadou fi òfin de ẹgbẹ́ Mùsùlùmí mẹ́fà, àjọ̀dún sì wáyé. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn FIMA máa ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́gun iṣẹ́-ọnà lórí àwọn alágídí. Òótọ́ ni pé àwọn tí wọ́n dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ni wọ́n jẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó bá dúró sórí ìṣẹ́gun nìkan gbàgbé ibi tí ìyà ti balẹ̀. Àwọn créateur padà sílé ní ọkọ̀ òfuurufú; obìnrin Maradi tí wọ́n dáná sun ilé rẹ̀, tí kò rí àjọ̀dún náà rí, tí bóyá télọ̀ òpópónà ni ó ń rán aṣọ fún un, ni ó san owó rẹ̀.

Bí a bá wá fi àjọ̀dún sílẹ̀, kí a sọ̀kalẹ̀ sí òpópónà Koira Kano tàbí àdúgbò èyíkéyìí bíi tirẹ̀, ìbéèrè náà yóò di ti ojoojúmọ́. Kí ni aránṣọ tí ó fẹ́ kúrò ní ẹni tí ń gba aṣọ oníbàárà rán, tí ó fẹ́ máa rán aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, nílò? Iṣẹ́ àpèrán rọrùn fún aláìní: oníbàárà ni ó ra aṣọ, òun ni ó san àsansílẹ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó ń rán sílẹ̀ ní láti fi owó ara rẹ̀ ra igbá aṣọ, kí ó gé oríṣi ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó rán an mọ́ra dọ́gbadọ́gba, kí ó sì dúró de ẹni tí yóò rà á. Owó rẹ̀ lè sùn sórí ìkọ́ aṣọ fún oṣù mẹ́fà. Ilé ìfowópamọ́ kì í sábà yá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó, nítorí ohun tí ó fi ń dúró kò ju ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ.

Ibí yìí ni àjọ ti wọlé. Adashi ni Haúsá ń pè é, tontine ni àwọn elédè Faransé mọ̀ ọ́n sí, èsúsú ni Yorùbá ti ń dá láti ìgbà tí Samuel Johnson ti ròyìn rẹ̀ nínú ìwé Ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, àwọn ẹrú sì gbé e kọjá òkun tí ó fi di susu ní Trinidad títí di òní. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ wò. Bí aránṣọ méjìlá bá ń dá 10,000 CFA lóṣooṣù, 120,000 ni ẹni tí ó bá kàn yóò kó. Kò tó kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ó tó ra aṣọ fún àkójọ kékeré kan, kò sì ní èlé. Ju owó náà lọ, àwọn mọ́kànlá tí ó kù ti di ẹlẹ́rìí rẹ̀. Wọ́n mọ̀ bí ó bá ń fi owó ṣòfò. Wọ́n mọ̀ bí ó bá ń rán aṣọ tí kò dọ́gba.

Owó kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣá. Yorùbá ní àáró àti ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èsúsú, ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ nípa iṣẹ́ aṣọ mọ ìyàtọ̀ wọn. Àáró ni kí ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yí po, iṣẹ́ fún iṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹnì kan pe ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ ńlá kan, kí ó sì fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Tabaski ní Niger, iṣẹ́ a pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ní ẹlẹgbẹ́ a pín aṣọ fún wọn: ọ̀kan gé, ọ̀kan rán, ọ̀kan kó ọnà sí ọrùn. Ẹni tí ó bá dá wà a dá oníbàárà padà tàbí kí ó parọ́ ọjọ́. Aránṣọ tí ó ń rán orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ ń bẹ̀rù láti pín iṣẹ́ báyìí, kí wọ́n má baà jí àwòrán rẹ̀ lò. Ẹ̀rù náà kì í ṣe asán, nítorí ohun tí ènìyàn bá fi hàn ní òwúrọ̀ lè wà ní ọjà ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá pín kò ní pọ̀, ẹgbẹ́ nìkan ni ó sì lè fi ojú tì olè tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Abẹ́òkúta ní àpẹẹrẹ kan tí ó wúlò níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aró ni, kì í ṣe ìránṣọ. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọjà àdìrẹ ṣubú, àwọn kan di ẹ̀bi rù àwọn obìnrin aláró tí wọ́n ń lo sódà àti aró òyìnbó dípò ẹ̀lú. Aláké Ladapo Ademola fi òfin de lílo wọn. Àwọn aláró kò gbà. Ẹgbẹ́ wọn gbéra, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba amúnisìn, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó lé e lórí ní 1936, tí àwọn obìnrin náà sì sọ tẹnu wọn. Judith Byfield ni ó kó ìtàn yìí jọ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2002. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn aláró wọ̀nyí tí ó ní orúkọ tí ó dún ní Paris. Ẹgbẹ́ wọn lágbára láti bá ọba ṣe ẹjọ́. Ẹgbẹ́ àwọn créateur ní orúkọ tí ó dún ní Paris, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n já CFA sí ìdajì, nígbà tí òkìríkà kún gbogbo ọjà, ta ni ó gbọ́ pé ó lọ dúró níwájú ìjọba nítorí télọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní oṣù Keje 2023, ECOWAS ti ibodè, Nàìjíríà sì já iná tí ó ń fún Niger, èyí tí ó tó bí ìdá 70 nínú 100 iná tí orílẹ̀-èdè náà ń lò. Oṣù Kẹta 2024 ni Nàìjíríà tó ṣí ibodè padà. Ní irú oṣù bẹ́ẹ̀, télọ̀ tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó ti ra ẹ̀rọ oníná, tí í ṣe ẹni tí ó ti ń gòkè, ni ó jókòó sínú òkùnkùn àyàfi bí ó bá ní ẹ̀rọ amúnáwá. Aṣọ àti òwú tí ń gba Kánò tàbí Cotonou wọlé wọ́n gógó. Ní oṣù Kìíní 2025 ni Niger, Málì àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Ẹgbẹ́ tí Chris Seydou fẹ́, tí yóò so aránṣọ Bamako mọ́ ti Niamey, Abidjan àti Èkó, ti wá di ohun tí ibodè méjì pín, ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù.

Alphadi fúnra rẹ̀ kò jókòó. FIMA padà sí Agadez ní 2016. Ṣùgbọ́n Dakhla ní apá Mòrókò ni wọ́n gbé e lọ ní 2018, ibi tí ó jìnnà sí télọ̀ Niamey ju Paris lọ ní ti owó ọkọ̀. A lè lóye ìdí rẹ̀: àjọ̀dún ńlá ń wá onígbọ̀wọ́, onígbọ̀wọ́ sì ní ibi tí ó fẹ́. Ohun tí ó fi hàn ni pé ibi tí orúkọ náà bá lọ ni FIMA ń lọ. Kò ní gbòǹgbò sí Koira Kano, kò ní gbòǹgbò sí Téra níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Bí ó ṣe rí náà nìyí fún lọ́fínńdà tí Alphadi ṣe, tí ó fi òkè Aïr sọ lórúkọ. Ní etí elédè Faransé, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbọ́. Ní etí ará Agadez, òkè ni. Orúkọ kan náà ń sọ ohun méjì fún ọjà méjì, ọjà tí ó lówó ni ó sì ń rà á.

Àwọn olùkọ́ èdè náà ní ìpín nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í rán aṣọ. Ọmọ tí ó bá kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ní ilẹ̀ Yorùbá ń gbọ́ nípa ìtẹ́nú, ìgbátí, ojú abẹ́rẹ́ àti ọnà ọrùn lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ Collection sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, nítorí kò sí ẹni tí ó fún un ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ohun tí ó ti di. Ọmọ Zarma tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Niamey ń kọ styliste. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ tí tailleur àti créateur lè jókòó sí pọ̀ ní láti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ kan tí ó gba àwọn méjèèjì. Aránṣọ ti gbà wọ́n láti ọjọ́ yìí wá.

Nínú àwọn mẹ́fà Kasobané, Kandioura Coulibaly kú ní 2015. Boubacar Doumbia wà ní Ségou, níbi tí ó dá ibùdó Ndomo sílẹ̀ fún kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ bogolan. Ewé, èèpo igi àti amọ̀ ni wọ́n fi ń pa aṣọ láwọ̀ níbẹ̀, orúkọ ibùdó ni ó sì wà lára àwọn aṣọ náà nígbà tí wọ́n bá tà wọ́n.